Ìdámẹ́wàá: kí ló wà nínú ilé ìṣúra tí Málákì sọ?

"Orí owó ọjà ni àbí orí èrè?"

Àbúrò ìyá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, bí wọ́n ṣe ń gbọn ẹlùbọ́ kúrò lára ìró wọn. Ọjà ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹlùbọ́ ₦180,000 ni wọ́n kó lọ, ₦215,000 ni wọ́n tà á. Owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó ìsọ̀ jẹ ₦12,500 nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí wọ́n bá tà tán, gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n máa ń kà, wọn a wá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sínú àpò ìwé fún ọjọ́ ìsinmi. Ti ọjọ́ náà jẹ́ ₦21,500. Mo mú bírò, mo bá wọn ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn kan tó wà nílẹ̀. Èrè wọn lórí gbogbo ìrìn yẹn, ₦22,500 péré ni. Bí ₦21,500 bá ti jáde, ₦1,000 ló kù tí wọn yóò fi jẹun títí ọjà mìíràn yóò fi ná. Abájọ tí òkòwò wọn fi ń jó àjórẹ̀yìn lọ́dọọdún, tí wọ́n ń yá owó sógúndógójì láti fi dí i, tí wọ́n sì ń gbààwẹ̀ lé ajẹnirun tó ń jẹ owó wọn.

Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń ka owó lẹ́yìn ìsìn nínú ìjọ wa. Mo ti rí àpò ìwé kan rí tí wọ́n kọ ₦1,340 sí lára, tí owó inú rẹ̀ sì pé géérégé, títí dé orí náírà mẹ́wàá-mẹ́wàá mẹ́rin tó ti rún bí àkísà. Ẹni tó kó irú owó bẹ́ẹ̀ wá ti jókòó ṣírò, kò fi Ọlọ́run ṣeré rárá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún. Ẹni tó ń wá àwáwí kí ó má baà fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kí ó máa wá tirẹ̀ níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Ní 2017, Daddy Freeze tó jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Kristẹni kò ní ìdámẹ́wàá kankan láti san, àwọn pásítọ̀ ńlá-ńlá sì fún un lésì láti orí pẹpẹ. Láti ìgbà náà ni tọ̀tún-tòsì ti ń fi ẹsẹ Bíbélì sọ ara wọn ní òkò. Àwọn kan ní bí o kò bá san án, olè ni ọ́, ègún sì wà lórí rẹ. Àwọn kejì ní olè ni gbogbo ẹni tó ń gbà á. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀.

Ẹsẹ tí gbogbo wa mọ̀ lórí ni Málákì 3:10, "Ẹ mú gbogbo ìdámẹ́wàá wá sí ilé ìṣúra, kí oúnjẹ bà lè wà ní ilé mi." Inú Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ni ọ̀rọ̀ náà ti di ilé ìṣúra. Létí wa lónìí, wúrà àti fàdákà ni ìṣúra. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, báńkì ni yóò rò. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó tẹ̀lé e ti sọ ohun tí wọ́n ń kó síbẹ̀: oúnjẹ. Àká ni Málákì ń wí. Àwọn yàrá ńlá ni, nínú àgbàlá tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n ń kó ọkà, wáìnì tuntun àti òróró pamọ́ sí. Bí wọ́n bá ti lo ọ̀rọ̀ náà "àká" ni, ó ṣeé ṣe kí ìdajì ìjà yìí má ṣẹlẹ̀.

Ta ló ń jẹ oúnjẹ inú àká? Òfin Mósè dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Nínú Númérì 18, àwọn ọmọ Léfì ló ni ín, nítorí pé nígbà tí àwọn ẹ̀yà yòókù pín ilẹ̀, wọn kò fún Léfì ní oko. Iṣẹ́ tẹ́ḿpìlì ni oko tiwọn. Àwọn náà yóò sì tún yọ ìdámẹ́wàá nínú ìdámẹ́wàá tí wọ́n gbà, wọn yóò kó o fún àwọn àlùfáà, ọmọ Áárónì. Diutarónómì 14 wá mú òmíràn wá: kí ìwọ tí o ni oko kó ìdámẹ́wàá ìbísí oko rẹ lọ síbi tí Ọlọ́run yóò yàn, kí ìwọ àti agbo ilé rẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, tà á, di owó náà mọ́ ọwọ́, bí o bá débẹ̀, kí o fi ra ohunkóhun tí ọkàn rẹ bá fẹ́: màlúù, àgùntàn, wáìnì, ọtí líle. Ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ yọ̀. Ẹsẹ 26 nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù ìdámẹ́wàá, n kò tíì gbọ́ ẹni tó ka ẹsẹ 26 sókè lórí pẹpẹ rí. Ẹsẹ 28 àti 29 sọ pé ní ọdún kẹta-kẹta, kí ìdámẹ́wàá má kúrò ní ìlú. Kí ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó wá jẹ ẹ́ yó.

Ṣé mẹ́ta ni wọ́n, àbí ẹyọ kan tí wọ́n ń lò ní ọ̀nà mẹ́ta? Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e. Ìwé Tóbítì, tó wà nínú Bíbélì àwọn Kátólíìkì, kà á sí mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, àgbẹ̀ Ísírẹ́lì ń yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún méjì, ìdá ọgbọ̀n ní ọdún kẹta. Bí a bá pín in dọ́gba, ó lé díẹ̀ ní 23 nínú 100 lọ́dún. Ní ọdún keje ẹ̀wẹ̀, tí ilẹ̀ ń sinmi, kò sí ìkórè tí wọn yóò dá ìdámẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó bá ní òfin Mósè gan-an lòun ń tẹ̀ lé, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù kò tíì débẹ̀, ó sì gbọdọ̀ wá ibi tí yóò ti jẹ àsè rẹ̀.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé irè oko àti ẹran ọ̀sìn nìkan ni òfin náà dárúkọ. Léfítíkù 27 ní bí ẹran bá ti ń kọjá lábẹ́ ọ̀pá darandaran, ìkẹwàá ni ti Olúwa. Ẹni tó ní màlúù mẹ́sàn-án, kò sí ìkẹwàá lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Kò sí ibi kankan tí òfin ti dárúkọ owó iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, apẹja tàbí káfíńtà. Wọn a máa dáhùn pé ayé àgbẹ̀ ni wọ́n wà nígbà náà, kò sí owó. Owó wà. Diutarónómì 14 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ló ní kí wọ́n sọ irè di owó nítorí ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n bá débẹ̀ kí wọ́n tún sọ ọ́ di oúnjẹ. Nínú Léfítíkù 27:31, ẹni tó bá fẹ́ ra ìdámẹ́wàá rẹ̀ padà, ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò fi kún un. Owó wà, oúnjẹ ni Ọlọ́run ní kí wọ́n mú wá.

"Ṣùgbọ́n Ábúráhámù san án ṣáájú òfin." Ó san án, lóòótọ́. Jẹ́nẹ́sísì 14 ni ìtàn náà wà. Ìkógun ló fi san án fún Mẹlikisédékì, ọba Sálẹ́mù tó tún jẹ́ àlùfáà, ìgbà kan ṣoṣo tí a kọ sílẹ̀ náà sì nìyẹn. Ohun tí a kì í kà mọ́ ọn ni ìyókù ìtàn náà: ọba Sódómù ní kí ó kó ẹrù tó kù, Ábúráhámù ní òun kò ní í mú fọ́nrán òwú kan tàbí okùn bàtà. Yàtọ̀ sí oúnjẹ tí àwọn ọmọkùnrin jẹ àti ìpín àwọn tó bá a lọ, kò gba nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ábúráhámù ṣe àwòkọ́ṣe ní pípé, ìdá mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́? Hébérù 7 tún ìtàn yìí sọ láti fi hàn pé ipò àlùfáà Jésù ga ju ti Léfì lọ. Kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé apẹ̀rẹ̀ ọrẹ.

Àwọn tí kò fẹ́ ìdámẹ́wàá náà ní irọ́ tiwọn. Wọ́n ní Jésù kò dárúkọ rẹ̀ rí. Ó dárúkọ rẹ̀ nínú Mátíù 23:23, níbi tó ti bá àwọn Farisí wí pé wọ́n ń dá ìdámẹ́wàá ewé mínítì àti kúmínì, wọ́n sì pa ìdájọ́, àánú àti ìgbàgbọ́ tì. Ó ní ìwọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n ṣe, láìfi ìyókù sílẹ̀. Kò ní kí wọ́n dá a dúró, nítorí tẹ́ḿpìlì ṣì dúró, àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin. Wọ́n tún ní àwọn àlùfáà nìkan ni Málákì ń bá wí. Òótọ́ ni pé ó bá àwọn àlùfáà wí kíkankíkan ní orí kejì, àmọ́ 3:9 sọ ọ́ kedere pé gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni. Kò yẹ kí a fi irọ́ gbèjà òtítọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an láyé Málákì? Ìwé Nehemáyà, tó sún mọ́ tirẹ̀ ní àkókò, nǹkan bí 400 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ìbí Krístì, fi hàn wá bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ lọ ka orí 13 fúnra yín. Nehemáyà lọ sí ọ̀dọ̀ ọba Páṣíà, nígbà tó fi máa dé, Èlíáṣíbù àlùfáà, ẹni tí àwọn yàrá ìpamọ́ wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ti kó ọ̀kan tó tóbi nínú wọn fún Tòbíà, èèyàn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé ìgbé. Yàrá tí wọ́n ń kó ìdámẹ́wàá ọkà sí! Nehemáyà da gbogbo ẹrù Tòbíà síta, ó ní kí wọ́n fọ yàrá náà mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá rí i pé a kò fún àwọn ọmọ Léfì ní ìpín wọn, pé akọrin àti òṣìṣẹ́ tẹ́ḿpìlì ti sá lọ, oníkálukú sí oko rẹ̀. Àwọn aráàlú kò mú oúnjẹ wá. Ẹni tó yẹ kí ó ṣọ́ àká sì ti fi àlejò sínú rẹ̀. Èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ìwé náà kò sọ. Ohun tó sọ ni ohun tí Nehemáyà ṣe: ó bá àwọn ìjòyè wí, àwọn èèyàn tún kó irè wọn wá, ó sì yan akápò mẹ́rin, àlùfáà kan, akọ̀wé kan, ọmọ Léfì kan àti olùrànlọ́wọ́ kan, "nítorí a kà wọ́n sí olóòótọ́," pé kí wọ́n máa pín in.

Akápò mẹ́rin, láti ìpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá ń ka Málákì 3:10 ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tí a kò sì ka Nehemáyà 13 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìdajì ìtàn ni a ń gbọ́. Lójú tèmi, ariwo tí àwọn kan pa lórí CAMA ti 2020, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, tó ní kí ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ máa fi ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí CAC, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, ì bá ti mọ níwọ̀n bó bá jẹ́ pé Nehemáyà ló wà nípò alága ìgbìmọ̀ owó.

Lẹ́yìn àjíǹde, kò sí lẹ́tà kankan láti ọwọ́ àwọn àpọ́sítélì tó pàṣẹ ìdámẹ́wàá fún ìjọ. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì ni pé kí oníkálukú fi sí apá kan lọ́jọ́ kìn-ínní ọ̀sẹ̀, bí Ọlọ́run bá ti ṣe rere fún un, kí ó ṣe é bí ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀, nítorí Ọlọ́run fẹ́ onínúdídùn ọlọ́rẹ. Ó tún kọ ọ́ nínú 1 Kọ́ríńtì 9 pé ẹni tó ń wàásù ìhìnrere ní ẹ̀tọ́ láti jẹ nípa ìhìnrere. Nítorí náà, pásítọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ kò sì í fi àdúrà ra ara rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, kọ̀wé láti Kátéèjì ní Àríwá Áfíríkà pé lóṣooṣù ni ará ìjọ kọ̀ọ̀kan ń mú ìwọ̀nba owó wá, bó bá fẹ́, bó bá sì lágbára rẹ̀, wọn kì í fipá gbà á. Wọ́n ń fi bọ́ tálákà, wọ́n ń fi sin òkú wọn, wọ́n ń fi tọ́jú ọmọ aláìlóbìí àti àwọn arúgbó.

Ó pẹ́ kí ìdámẹ́wàá tó di dandan nínú ìjọ. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Mâcon, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Faransé báyìí, ló pàṣẹ rẹ̀ ní 585 pé a ó yọ ẹni tó bá kọ̀ kúrò nínú ìjọ. Ní 779, ọba Charlemagne sọ ọ́ di òfin ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kó ìtí ọkà, ẹlẹ́dẹ̀ àti wàrà fún ṣọ́ọ̀ṣì títí di 1836, tí òfin sọ ọ́ di owó. Ó di 1936 kí òfin mìíràn tó pa owó náà rẹ́. Jámánì ní tirẹ̀ títí di òní: ìjọba ló ń bá ìjọ gbà á, ìdá 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni, àmọ́ orí owó orí ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí owó oṣù.

Àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, tó tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, ilẹ̀ tí ìdámẹ́wàá ti jẹ́ òfin ni ẹgbẹ́ wọn ti wá, síbẹ̀ wọn kò gbé òfin náà wá fún wa. Henry Venn, akọ̀wé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ kí ìjọ Áfíríkà máa gbé ẹrù ara rẹ̀, owó kíláàsì àti ìkórè ni àwọn ìyá wa àgbà sì fi gbé e. Ní Amẹ́ríkà, láàrin ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, ni àwọn oníwàásù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni pé ìjọ àdúgbò ni "ilé ìṣúra" náà, ìdámẹ́wàá owó tó bá wọlé ni kí o sì mú lọ síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ló gbilẹ̀ níbí bí àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́stì ti ń gbilẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Nítorí náà, nígbà tí bàbá àgbà bá ní "láyé tiwa, kò sí báyìí," ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò kúrú. Ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n fi tọ́ ọ.

Ibi tí mo dúró sí nìyí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa méfò: èmi ń dá ìdámẹ́wàá. Ìwọ̀n tó rọrùn láti rántí ni, ó sì ń kó ojúkòkòrò mi níjàánu. N kò kà á sí owó orí ọ̀run. Ègún inú Málákì, ègún òfin ni, Gálátíà 3:13 sì sọ pé Krístì ti rà wá padà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi í dẹ́rù ba opó, kí ó lọ ka ohun tí Jésù sọ nípa àwọn tó ń jẹ ilé opó run.

Nípa ìbéèrè àwọn tó ń gba owó oṣù, ṣé kí wọ́n tó yọ owó orí ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, Bíbélì kò sọ, ẹni tó bá sì ní ó sọ ọ́, kí ó fi ẹsẹ rẹ̀ hàn wá. Owó àjọ tí o kó, owó ara rẹ ni, kò tíì bí ọmọ. Ẹ̀yáwó, gbèsè ni. A kì í fi gbèsè dúpẹ́. Bí o bá fẹ́ fi apá kan san owó ìdánwò WAEC ọmọ opó tó wà ládùúgbò rẹ, ìdámẹ́wàá ọdún kẹta kò jìnnà sí ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìjọ rẹ ní ìlànà pé òṣìṣẹ́ ìjọ gbọ́dọ̀ san án, tí o sì ti buwọ́ lù ú, àdéhùn ẹgbẹ́ nìyẹn. Mú un ṣẹ, tàbí kí o sọ fún wọn pé o kò lè ṣe é. Ẹ̀yin tó wà ní ìlú Ọba, bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù Gift Aid, ìjọba ni yóò fi 25 pẹ́nnì kún pọ́n-ùn kan yín láti inú owó orí tí ẹ ti san. Kò sí ìyanu níbẹ̀.

Mo ka Diutarónómì 14 fún àbúrò ìyá mi ní alẹ́ Sátidé yẹn. Nígbà tí mo dé orí ọtí líle, wọ́n gba Bíbélì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọlọ́run ló sọ èyí?"

"Òun ni, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n ní kí n má ṣe fi han bàbá kan báyìí ní ìdílé wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́. "Ìbísí," ni wọ́n wí, wọ́n fi ìka lé ọ̀rọ̀ náà. "Òkòwò mi kì í ṣe ìbísí." Wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, wọ́n fa ìlà sí àárín rẹ̀, owó ọjà lápá òsì, èrè lápá ọ̀tún. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, bí a ṣe ń ka owó, mo kan àpò ìwé kan tí mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. ₦2,250 ló wà nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo mú èyí tó kàn.